Ọmọ Òkèmẹ̀sí, Ọmọ Ìgbájọ

Òkèmẹ̀sí àti Ìgbájọ kò jìnnà síra. Ẹni tó bá gbéra ní Ẹ̀rìjìyàn, tó gba Àrámọ̀kọ dé Ìta-Awùrẹ̀, tó wá yà sí ọ̀nà òkè, á kan Òkèmẹ̀sí. Bó bá ń lọ síwájú, á bọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, kò sì ní pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kó tó wọ Ìgbájọ. Àárín òkè kan náà ni gbogbo wọn wà. Nígbà ogun Kírìjì, ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé ni àwọn Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí, ìhà Ìgbájọ ni àwọn Ìbàdàn pàgọ́ tiwọn sí, wọ́n sì wà lẹ́nu rẹ̀ títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886.

Ìhà méjèèjì yìí ni òǹkọ̀wé eré méjì ti wá, tí èmi kì í lè ronú kan ọ̀kan nínú wọn kí èkejì má yọjú. Kọ́lá Ògúnmọ́lá ni ọmọ Òkèmẹ̀sí, tí wọ́n bí ní 1925. Wálé Ògúnyẹmí ni ọmọ Ìgbájọ, tí wọ́n bí ní 1939. Eré ni àwọn méjèèjì fi gbogbo ayé wọn ṣe. Àwọn méjèèjì jẹ́ òṣèré, wọ́n tún jẹ́ òǹkọ̀wé, àwọn méjèèjì sì kọjá ní iléewé eré tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni ti ẹgbẹ́. Ògúnmọ́lá ló ni ẹgbẹ́ tó ń ṣe eré rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sára mọ́tò. Ògúnyẹmí kò ní ẹgbẹ́ kankan. Ẹgbẹ́ kékeré tí ẹlòmíràn dá sílẹ̀ ló wọ̀, ibẹ̀ ló sì ti di ẹni tí à ń pè ní òǹkọ̀wé.

Ohun tó mú mi fẹ́ gbé wọn lé òṣùwọ̀n kò ju pé ní agbègbè tiwa yìí, láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n, bí àwọn ọ̀dọ́ bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀, ẹni tó mọ ìtàn hun láàrin wọn ni wọ́n máa ń fi jẹ ọ̀gá. Wọn kì í bi í bóyá ó wù ú. Òun náà kì í bi ara rẹ̀.

Iṣẹ́ tíṣà ni Ògúnmọ́lá ń ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ló sì ti kó ẹgbẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ jọ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Ìgbà náà ni eré inú ṣọ́ọ̀ṣì ń jáde bọ́ sí gbangba. Hubert Ògúndé ti ṣe eré Ọgbà Édẹ́nì fún ìjọ Aládùúrà ní Èkó ní 1944, kò sì pẹ́ tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ tó sọ eré di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Etí àwa ará Èkìtì kò ṣàjèjì sí irú orin bẹ́ẹ̀. Ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, níbi tí wọ́n sin Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1959, ọmọ á ti mọ agogo àti àtẹ́wọ́ kó tó mọ A B D. Ògúnmọ́lá mú orin yẹn, ó sì dín ariwo rẹ̀ kù. Níbi tí Ògúndé ti ń fi fèrè òyìnbó àti ijó àwọn ọmọge pe èrò, ojú àti ọwọ́ ni Ògúnmọ́lá fi ń ṣe tirẹ̀. Ulli Beier, ará Jámánì tó gbé Òṣogbo pẹ́ dáadáa, ti ń kọ̀wé nípa eré bẹ́ẹ̀ láti 1954, ó sì yìn ín gidigidi gẹ́gẹ́ bí òṣèré. Àwọn tó bá a láyé sọ pé ó lè dúró láìsọ̀rọ̀ kí gbogbo gbọ̀ngán máa rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kí a wo ohun tí ọ̀gá ẹgbẹ́ ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òun ló ń hun ìtàn, òun ló ń dá orin, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní rìhásà, òun náà ni aṣáájú òṣèré. Bí wọ́n bá dé ìlú, òun ni yóò lọ kí ọba, òun ni yóò bẹ ọ̀gá iléewé kí ó yá wọn ní gbọ̀ngán. Bí mọ́tò bá kọṣẹ́, òun ni. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ṣàìsàn, òun ni. Bí òjò bá rọ̀ tí èrò kò wá, òun ni yóò wá nǹkan tí gbogbo wọn yóò jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nínú àwọn ẹgbẹ́ aláàrìnká ìgbà náà, ìyàwó ọ̀gá ló sábà máa ń jẹ́ òṣèrébìnrin, nítorí pé òbí kì í fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn máa bá àwọn oníeré káàkiri, bí a bá sì rí ọmọbìnrin, ọkọ tó bá fẹ́ ẹ níta á mú un kúrò. Ilé àti ẹgbẹ́ di ọ̀kan náà. Ìjà inú ilé á bá wọn dé orí ìtàgé.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ni yóò jókòó kọ̀wé? Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọ ọ́. Ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ eré. Ọ̀gá á sọ bí ìtàn ṣe lọ, olúkúlùkù á wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i, orin nìkan ni wọ́n máa ń dì mú gírígírí. Lára ọ̀pọ̀ eré tí Ògúnmọ́lá ṣe, díẹ̀ ló di ìwé. Wọ́n tẹ Ìfẹ́ Owó, ìtàn ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó kejì tí ilé rẹ̀ sì dàrú, ní Òṣogbo ní 1965. Ti Lánkẹ́ Ọ̀mùtí, èyí tó lókìkí jù, tilẹ̀ yani lẹ́nu. Orí téèpù ni wọ́n kọ́kọ́ gbà á sí, R. G. Armstrong àti àwọn ọmọ Yorùbá tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ nípa Áfíríkà ní Ìbàdàn ló tẹ́tí sí téèpù náà, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé yẹn jáde ní 1968. Ẹni tó ni eré wà láyé, ara rẹ̀ le, síbẹ̀ ẹlòmíràn ló bá a kọ ọ́. Ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún Ọba Kò So, eré Dúró Ládipọ̀.

Mo dúró lórí Lánkẹ́ nítorí pé òun gan-an ló ń tú àṣírí ipò ọ̀gá ẹgbẹ́. Ìtàn ibẹ̀ kì í ṣe ti Ògúnmọ́lá láti ìpilẹ̀. Inú ìwé Amos Tutùọlá tó jáde ní 1952 ló ti mú un: ọ̀mùtí tí adẹ́mu rẹ̀ já láti orí ọ̀pẹ tó sì kú, tó wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Owó Rockefeller ló mú Ògúnmọ́lá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró sí Ìbàdàn fún oṣù díẹ̀, ní iléewé eré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní yunifásítì. Demas Nwoko, ọ̀jáfáfá ayàwòrán, ló ṣe aṣọ àti ìtàgé. Ní 1963 ni wọ́n ṣe é nínú gbọ̀ngán eré yunifásítì náà, Ògúnmọ́lá fúnra rẹ̀ ni Lánkẹ́. Ó yí òpin ìtàn padà, ó sọ gbogbo ìrìn-àjò náà di àlá ọ̀mùtí, mo sì mọ àwọn tí kò fẹ́ràn ìyẹn títí di òní. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Tutùọlá kọ̀wé fún ẹni tó jókòó ní òun nìkan. Ògúnmọ́lá ń bá èrò sọ̀rọ̀, èrò sì fẹ́ mọ ibi tí wọn yóò bá ọ̀mùtí náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Nínú iṣẹ́ tó lé ní ogún ọdún, eré tó gbé e dé Algiers fún àjọ̀dún àṣà Áfíríkà ní 1969, inú àwọn oṣù díẹ̀ tí kò fi ronú owó epo ló ti jáde. Ẹlòmíràn fún un ní ìtàn, ẹlòmíràn ṣe aṣọ, ẹlòmíràn san owó oúnjẹ. Ó bọ́ ẹrù ọ̀gá sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, òǹkọ̀wé inú rẹ̀ sì rí àyè mí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé ti Algiers ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ó dìde, ó tún gbìyànjú, ṣùgbọ́n ó kú ní 1973, kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Ẹgbẹ́ náà kò padà sí ipò tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Báwo ni yóò ṣe padà? Ohun tí wọ́n ń ṣe ti bá ẹni tó wà lórí rẹ̀ lọ.

Ní ti Ògúnyẹmí, ẹ̀yìn ni ó ti wọlé. Wọlé Ṣóyínká ti kó ẹgbẹ́ kan jọ ní 1960 tí ó fi ṣe eré òmìnira, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ ló pọ̀ nínú wọn. Ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ráyè. Ní 1964 ó dá Òrìsun sílẹ̀, ẹgbẹ́ kékeré ti àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi eré jẹun. Ògúnyẹmí wà níbẹ̀, Jimi Ṣólàńkẹ́ wà níbẹ̀, Túnjí Oyèlánà náà wà níbẹ̀. Ìjọba apá ìwọ̀-oòrùn ń gbóná nígbà náà, ìbò ọdún 1965 sì ń bọ̀. Òrìsun ń ṣe eré kéékèèké tó ń fi àwọn olóṣèlú ṣe ẹlẹ́yà, eré tí èèyàn lè gbé dé ibikíbi láìsí ohun èlò púpọ̀. Òṣèré lásán ni Ògúnyẹmí nínú wọn. Ipò kékeré ni, ó sì dára fún un. Ó ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bọ́ lẹ́nu ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rí ibi tí èrò ti ń sùn, kò sì sí ẹni tó ń bi í léèrè owó mọ́tò.

Oṣù kẹjọ 1967 ni wọ́n ti Ṣóyínká mọ́lé, wọn kò sì tú u sílẹ̀ títí di oṣù kẹwàá 1969. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé orí ẹnì kan ló dúró lé, ọdún méjì bẹ́ẹ̀ tó láti pa á. Ní Ìbàdàn, Dàpọ̀ Adélugbà àti àwọn yòókù ń bá eré lọ. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé àárín ìgbà yẹn gan-an ni àwọn eré Ògúnyẹmí ń jáde: Be Mighty, Be Mine ní 1968, Ààrẹ Akogun ní 1969, níbi tó ti wọ ìtàn Macbeth ti Shakespeare ní aṣọ Yorùbá. Ọ̀gá wà ní túbú, òǹkọ̀wé mìíràn ń rúwé nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1970, ọdún tí àìsàn dá Ògúnmọ́lá dúró, tí kò sí ẹni tó máa hun ìtàn dípò rẹ̀, ni Òrìsun tẹ ìwé eré Ògúnyẹmí méjì jáde lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, Ìjàyè War àti Èṣù Ẹlẹ́gbára. Ìwé pẹlẹbẹ tí òṣèré lè ká sápò ni wọ́n. Ẹgbẹ́ kékeré tó mọ̀ pé ìwé tún jẹ́ ara iṣẹ́ òun! Bí gbogbo ẹgbẹ́ aláàrìnká bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, à bá ní àpótí ìwé eré Yorùbá kún lónìí.

Ìjàyè ló rán mi létí Ọlá Rótìmí. Ogun Ìjàyè kan náà ni òun náà kọ sínú Kurunmi, eré tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1971, ó sì fi ẹgbẹ́ Orí Olókun tó ń darí ní Ifẹ̀ ṣe é. Ẹni tó bá ka méjèèjì á rí i pé ti Rótìmí fẹ̀ lórí ìtàgé, ó kún fún ogunlọ́gọ̀, orin àti ìlù, nítorí pé ẹni tó mọ iye òṣèré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́. Ti Ògúnyẹmí rọra. Ó ń kọ fún ẹgbẹ́ tí òun kò lè pàṣẹ fún. Mo rò pé gbogbo òǹkọ̀wé tí kò ní ẹgbẹ́ máa ń kọ báyìí, ó ń tọrọ àyè bó ṣe ń kọ. Kò sì dá mi lójú pé àbùkù ni.

Kò sì yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ Ògúnyẹmí bíi pé ẹgbẹ́ kékeré nìkan ló bọ́ ọ. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ nípa Áfíríkà ní Ìbàdàn ló gbà á síṣẹ́, ibẹ̀ ló sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Owó oṣù ń wọlé. Nígbà tí Ṣóyínká kúrò nílùú lẹ́yìn túbú tí Òrìsun sì rẹ̀wẹ̀sì, Ògúnyẹmí kò pàdánù oúnjẹ. Àwọn òṣèré tó jọ bẹ̀rẹ̀ ṣì wà ní Ìbàdàn, ó ń bá wọn ṣe eré, ó ń kọ fún wọn. Langbodo, tó hun láti inú ìtàn Fágúnwà, ni Nàìjíríà fi kópa nínú àjọ̀dún FESTAC ní 1977, Adélugbà ló darí rẹ̀. Títí tó fi kú ní oṣù kejìlá 2001, òǹkọ̀wé ni, òṣèré ni, ọ̀gá ẹgbẹ́ kọ́.

Tí mo bá wá fi wọ́n wéra lórí ohun tó kù lọ́wọ́ wa, Ògúnyẹmí borí, kò sí àríyànjiyàn. Ìwé rẹ̀ wà. Tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àrámọ̀kọ bá fẹ́ ka Kírìjì lónìí, eré tó kọ lórí ogun Èkìtìparapọ̀ tó jáde ní 1976, ó lè rí i bó bá wá a. Tó bá fẹ́ ka gbogbo eré Ògúnmọ́lá, ẹ̀yìn àwọn arúgbó ni yóò máa rìn, àwọn arúgbó náà sì ń dín kù.

Ṣùgbọ́n èdè wo ni Kírìjì? Gẹ̀ẹ́sì ni. Ibí ni òṣùwọ̀n ti yí padà. Ẹgbẹ́ tí Ògúnyẹmí wọ̀ jẹ́ ti àwọn tó jáde ìwé, èrò tó wà lójú wọn jẹ́ ti àwọn tó jáde ìwé, owó tó gbé e dúró wá láti yunifásítì. Orin Yorùbá, oríkì àti ọfọ̀ kún inú eré rẹ̀, èèyàn sì ń gbọ́ Yorùbá lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bí omi ṣe ń dún lábẹ́ àpáta, síbẹ̀ ìyá alágbo ní ọjà Òkèmẹ̀sí kò lè jókòó tì í fún wákàtí méjì. Ogun tí àwọn baba ńlá ìyá náà jà ni wọ́n kọ sínú ìwé tí kò lè gbọ́. Ògúnmọ́lá kò ní irú ìṣòro yìí rí. Ẹni tó fẹ́ gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ìyá alágbo lálẹ́ ọjọ́ náà kò lè sọ èdè tí kò gbọ́. Owó epo mọ́tò tó ń pa á lára náà ló dì í mú sínú Yorùbá, tó jẹ́ kí ó máa ṣe eré tí ọmọ iléewé àti bàbá tí kò mọ̀wé lè jọ rẹ́rìn-ín sí.

Nítorí náà n kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ọ̀gá ẹgbẹ́ tó tún ń kọ̀wé ń fi ẹ̀bùn rẹ̀ ṣòfò. Ó ń náwó ẹ̀bùn náà ní ojú ẹsẹ̀ ni, àwọn tó wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló jẹ ẹ́. Àwa tí a dé lẹ́yìn la jẹ gbèsè. Bẹ́ẹ̀ ni n kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń wo Ògúnyẹmí bí ọmọ ẹ̀yìn Ṣóyínká lásán. Ẹni tó ń jíṣẹ́ fún ẹgbẹ́ fún ọdún púpọ̀ láìfẹ́ gba ẹgbẹ́ mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́, tó sì ń kọ ìwé tirẹ̀ lọ, ó ní irú ìgboyà kan tí a kì í kọ oríkì fún.

Bí ọ̀dọ́ kan láti Ìpólé-Ìlọ́rọ̀ tàbí Ọ̀gọ̀tún bá bi mí èwo ni kí òun ṣe, n ó sọ fún un pé kí ó wọ ẹgbẹ́ ẹlòmíràn kọ́kọ́, kí ó ṣe ìránṣẹ́ níbẹ̀, kí ó ṣe ẹni tó ń kú ní ìran kejì, kí ó sì máa kọ eré fún àwọn òṣèré tó mọ ohùn wọn. Kí ó fi ipò ọ̀gá sílẹ̀ fún ẹni tó mọ owó kà, nítorí pé ẹ̀bùn nìyẹn náà. Ibi kan ṣoṣo tí n ó ti ní kí ó tẹ̀ lé Ògúnmọ́lá ni ti èdè àti ti ọ̀nà: kí eré rẹ̀ lè dé gbọ̀ngán iléewé ní ìlú tí kò sí yunifásítì, kí ẹni tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn sì gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ kan tilẹ̀ wà nílẹ̀ tí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ lè fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó bá ni àṣẹ lórí ìwé náà gbà, kí a sọ Kírìjì di Yorùbá, kí ẹgbẹ́ kékeré kan gbé e láti Ìgbájọ kọjá sí Ìmẹ̀sí-Ilé àti Òkèmẹ̀sí, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀rìjìyàn lọ́dọ̀ wa. Ìyá alágbo yóò wá. Wàhálà tó máa wà níbẹ̀ kò ní ju ti ẹni tó máa ṣe Fábùnmi, akọni Òkèmẹ̀sí nínú ogun náà, lọ; àwọn ará Òkèmẹ̀sí kò ní gbà kí ọmọ Ìgbájọ ṣe é, bó ti wù kó mọ eré ṣe tó.